Ata mẹ́ta, oríṣìí kan: ọ̀ràn tíréè Mọ́mì ní ìpàtẹ ọ̀gbìn ìlú wa

Ní Sátidé, ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ní aago méjì àbọ̀ ọ̀sán, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìpàtẹ wa ní ìlú kékeré kan ní Kent, Mọ́mì sì bá àwọn èrò wọlé. Wọn ò yà síbi òdòdó rárá. Ìdí tábìlì ewébẹ̀ ni wọ́n gbà lọ tààrà, níbi tí wọ́n gbé tíréè ata wọn kalẹ̀ sí láàárọ̀. Káàdì ti wà lórí rẹ̀. Wọ́n mú awò ojú jáde nínú báàgì, wọ́n kà á. Wọ́n bọ́ awò náà, wọ́n nù ún, wọ́n tún kà á. Ìgbà náà ni wọ́n ń wojú èrò kiri títí wọ́n fi rí mi.

"Ọmọ mi, wá bá mi wo nǹkan yìí. Kí ni mo ṣe?"

Lẹ́tà mẹ́ta ló wà lórí káàdì náà: N.A.S. Not As Schedule ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé ohun tí èèyàn gbé wá kò bá ìwé ètò mu, ìwé tó sọ ohun tí ìdíje kọ̀ọ̀kan béèrè. Nísàlẹ̀ rẹ̀, adájọ́ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé oríṣìí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, mẹ́ta ni ìwé ètò béèrè. Ẹni tí wọ́n bá kọ N.A.S. fún, wọn kì í yẹ ohun tó gbé wá wò mọ́. Kì í ṣe pé ó gbẹ́yìn nínú ìdíje. Wọn ò kà á mọ́ àwọn tó díje ni.

Èmi ni amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ adájọ́ nídìí tábìlì yẹn lọ́jọ́ náà. Mo ti rí tíréè Mọ́mì ní aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú, nígbà tí àyè àtúnṣe ṣì wà, n kò sì sọ nǹkan kan. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ̀ràn náà sílẹ̀ látòkèdélẹ̀. Àwọn ará wa tó ń dáko nílẹ̀ yìí ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ti ń gbé ohun tí wọ́n gbìn wá sí irú ìpàtẹ báyìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Mọ́mì lè ṣẹlẹ̀ sí èyíkéyìí nínú wọn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Mọ́mì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣe nílẹ̀ yìí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọn kì í ṣe ìyá tó bí mi, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá ládùúgbò wa tí kì í pè wọ́n ní Mọ́mì. Nígbà tí ọkọ wọn kú, wọ́n ní àwọn ò lè máa jókòó wo ògiri, ni wọ́n bá gba ààbọ̀ alọ́tìmẹ́ǹtì kan. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, alọ́tìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ ọ̀gbìn tí káńsù ń fi háyà fún ará ìlú lówó pọ́ọ́kú. Òfin ọdún 1908 ló gbé e lé àwọn káńsù lọ́rùn pé kí wọ́n wá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ará ìlú tó bá béèrè. Odindi ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí 250 mítà onígun mẹ́rin, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn báyìí, torí àwọn tó ń dúró de ilẹ̀ pọ̀.

Lórí ààbọ̀ yẹn ni Mọ́mì ti ń gbin tẹ̀tẹ̀, àlùbọ́sà, tòmátò, àti ẹ̀wà tí àwọn òyìnbó ń jẹ tòun ti èèpo rẹ̀. Ewédú wà lábẹ́ ọ̀rá níbi tí ooru á ti mú un. Ṣùgbọ́n ata ni ọkàn wọn wà sí. Hóró rodo tí wọ́n rà ní Rye Lane ní Peckham ni wọ́n sá, tí wọ́n tọ́jú, tí wọ́n sì ń gbìn lọ́dọọdún. Oṣù Kejì ni wọ́n ti máa ń gbin ín sínú ike yúgọ́ọ̀tì, wọ́n á kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí táńkì omi gbígbóná wà, torí rodo kì í hù nínú òtútù. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé àwọn ti tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ní ọsibítù rí, pé bákan náà ni rodo ṣe rí nílẹ̀ yìí: bí o bá ti gbé e kúrò níbi tó móoru kí ó tó tó àkókò, ó tán.

Ẹgbẹ́ ọlọ́gbà ìlú wa máa ń ṣe ìpàtẹ òdòdó àti ewébẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, láàárín oṣù Kẹjọ. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, oníkálukú á wá to ohun tó gbìn sórí tábìlì. Lẹ́yìn ìyẹn gbogbo wa á jáde, àwọn adájọ́ á wọlé, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan á tẹ̀ lé adájọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti káàdì. Káàdì orúkọ máa ń dojú bolẹ̀ kí adájọ́ má mọ ẹni tó ni kí ni, ẹ̀yìn ìlú ni a sì ti ń pe àwọn adájọ́ wá. Dáhlíà, róòsì, kéèkì, jáàmù, gbogbo wọn ló ní kíláàsì tiwọn, ìyẹn ìpín ìdíje tiwọn. N kò ní bá wọn dé ibẹ̀.

Òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń dájọ́ kì í ṣe ti ìlú wa nìkan. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 1804, ọkùnrin méje péjọ sí ilé ìtàwé Hatchards ní Piccadilly, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn ọgbà. Ní 1861 ni ẹgbẹ́ náà gba ìwé àṣẹ ọba tuntun, tí ó di Royal Horticultural Society, RHS lẹ́nu gbogbo èèyàn. Àwọn ló ni ìpàtẹ òdòdó Chelsea ní Lọ́ńdọ̀nù tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, àwọn náà ló sì ni ìwé òfin tí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké bíi tiwa gbé ara lé. Ìwé náà sọ iye máàkì tí ewébẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbà, bí wàhálà rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó. Pọ̀tétò lè gba 20. Rádíìṣì, tí ọmọdé lè gbìn, 10 ni tirẹ̀ mọ.

Ohun tí àwọn ará wa kì í tètè gbà ni pé kì í ṣe títóbi ni adájọ́ ń wá. Nílé, bí àgbẹ̀ bá fẹ́ fi hàn pé òun ṣiṣẹ́, iṣu tó tóbi jù ni yóò gbé síwájú. Níbí, wọ́n fẹ́ kí ohun tó wà lórí àwo jọra bí ìbejì. Kí àlùbọ́sà rí róbótó, kí èèpo rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n ká ọrùn rẹ̀ lulẹ̀, kí wọ́n sì fi ìko dì í. Kíláàsì kan wà tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 250 gíráàmù lọ, ẹni tí tirẹ̀ bá sì fi gíráàmù kan ṣoṣo kọjá, ó ti bọ́ sóde. Tòmátò tó gún régé kì í ju nǹkan bí 60 mìlímítà lọ níbùú, ewé wẹ́wẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣì wà níbẹ̀ ní tútù yọ̀yọ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni iye. Bí ìwé ètò bá ní tòmátò márùn-ún, tí o gbé mẹ́fà wá, N.A.S. ni. Èènì tí a máa ń fi lé ọjà kò ní ibùjókòó níbẹ̀.

Ọdún tí mo ń sọ yìí, ooru rẹ̀ kò ní kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni tó dáko ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje, ìwọ̀n ooru dé 40.3 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì ní Coningsby ní Lincolnshire, ohun tí wọn ò rí rí látìgbà tí wọ́n ti ń ṣàkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ nílẹ̀ Bìrìtéènì. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, wọ́n fi òfin de fífi rọ́bà fọ́n omi ní Kent àti Sussex. Ìyẹn ku ọjọ́ mẹ́jọ sí ìpàtẹ wa. Kéènì ni gbogbo wa fi ń bomi. Mọ́mì, tí orúnkún ń dùn, kì í lè gbé kéènì ńlá, ìgò omi onílítà méjì ni wọ́n ń pọn láti ẹnu ẹ̀rọ, méjì ní àlọ, méjì ní àlọ. Òdòdó ara ẹ̀wà wọn gbẹ dànù kí ó tó so. Àwọn tó ń gbin òdòdó sweet pea kò rí nǹkan kan gbé wá sí ìpàtẹ. Ṣùgbọ́n ata? Ayé ata ni. Rodo tí ó máa ń pọ́n ní oṣù Kẹsàn-án nínú ilé onígíláàsì pọ́n níta gbangba ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ.

Nítorí náà, ọdún ata ni Mọ́mì fi í ṣe. Kíláàsì kan wà nínú ìwé ètò wa: tíréè ewébẹ̀, oríṣìí mẹ́ta, mẹ́ta mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn, kò sí àlàyé kankan tó tẹ̀ lé e. Mọ́mì kà á, wọ́n ronú, wọ́n sì ní kò sí ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀: rodo mẹ́ta, ṣọ̀ǹbọ̀ mẹ́ta, tàtàṣé mẹ́ta.

Mo fẹ́ kí ẹ rí tíréè náà. Wọ́n gé aṣọ dúdú dídán tẹ́ sí i, wọ́n sì lọ ọ́ pẹlẹbẹ. Lápá òsì, rodo mẹ́ta, pupa fòò, ìdodo wọn kọjú síwájú, ihò àti òkè ara wọn dọ́gba débi pé ẹ ó rò pé inú àgbá kan náà ni wọ́n ti yọ wọ́n. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé inú ogójì ó lé ni wọ́n ti ṣa mẹ́ta yẹn. Láàárín, ṣọ̀ǹbọ̀ mẹ́ta, tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn wọn kò fi ìka kan yàtọ̀, ìrù wọn darí síbì kan náà. Lápá ọ̀tún, tàtàṣé mẹ́ta tí wọ́n fi owú tútù nù títí iná gbọ̀ngàn fi ń tàn lára wọn. Igi orí gbogbo wọn ṣì wà ní tútù. N kò tíì rí ata tó dùn-ún wò bẹ́ẹ̀ rí, nílé lóko.

Mo rí i ní aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú, bí mo ti wí. Ọkàn mi kọ́kọ́ yọ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan ta mí: ṣé adájọ́ yóò ka gbogbo èyí sí oríṣìí mẹ́ta? Mo ṣíjú wo Mọ́mì, wọ́n wà lápá kejì, wọ́n ń fi omi wọ́n tẹ̀tẹ̀ wọn kó má baà rọ. Mo fẹ́ kọjá lọ bá wọn. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá kan pè mí kí n bá òun wọn àlùbọ́sà òun, ẹ̀rù ń bà á pé ó lè ju 250 gíráàmù lọ. Mo wọn ọ̀kan, mo wọn èkejì. Nígbà tí mo fi ṣe tán, wọ́n ti lu aago, gbogbo èèyàn ń jáde. Kò sí òfin tó ní kí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ má la èèyàn lójú kí aago tó lù. Lẹ́yìn aago ni ẹnu wa gbọ́dọ̀ pa mọ́. Ẹ̀bi mi nìyẹn, n kò lè gbé e fún àlùbọ́sà.

Adájọ́ náà, bàbá àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ tutù, pẹ́ nídìí tíréè yẹn ju ibikíbi lọ. Ó fi ìka méjì gbé rodo kan, ó yí i po, ó gbé e sún mọ́ imú, ó sì dá a padà sí ojú ibi tó ti gbé e gẹ́lẹ́. Ó bi mí bóyá mo mọ orúkọ wọn. Mo dá orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Ó ní, ṣé ata ni gbogbo wọn? Kí ni kí n sọ? Ata rodo, ata ṣọ̀ǹbọ̀, tàtàṣé: ìbéèrè tó bi mí ni mo gbọ́dọ̀ dáhùn, n kò láṣẹ láti ṣe agbẹjọ́rò ẹnikẹ́ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ata ni gbogbo wọn. Ó mi orí, ó ní ó dun òun. Ó mú pẹ́ńsù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lè ti máa sọ ohun tí àwọn kan nínú wa sọ lọ́jọ́ náà, pé torí pé aláwọ̀ dúdú ni Mọ́mì ni. Mo bá wọn jiyàn níbẹ̀, mo sì tún ń sọ ọ́: kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ dojú bolẹ̀. Nínú kíláàsì mìíràn lórí tábìlì kan náà, òyìnbó kan tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ ju gbogbo wa lọ gbé beetroot mẹ́rin wá níbi tí wọ́n ti ní mẹ́ta, adájọ́ kan náà sì fún un ní N.A.S. Ẹ̀sùn ẹlẹ́yàmẹ̀yà wúwo, ó sì máa ń jẹ́ òótọ́ níbòmíràn. A kò gbọdọ̀ ná an síbi tí kì í ti í ṣe òótọ́.

Mọ́mì ò fẹ́ ariwo. Wọ́n ní àwọn ò bá owó lọ, káàdì ni àwọn fẹ́ kó yé àwọn. Ṣùgbọ́n òfin wa fàyè gba ẹ̀hónú: kí èèyàn kọ ọ́ sílẹ̀, kó fún akọ̀wé kó tó di aago mẹ́ta àbọ̀, kó sì fi pọ́n-ùn 5 tì í, tí wọ́n á dá padà bí ẹ̀hónú náà bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo bá wọn kọ ọ́. Ìgbìmọ̀ jókòó nínú kíṣíìnì gbọ̀ngàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń se omi tíì: alága, akọ̀wé, èèyàn kan nínú ìgbìmọ̀, àti adájọ́. Wọ́n gba èmi àti Mọ́mì láyè láti sọ tiwa.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì. Rodo àti tàtàṣé kì í ṣe ẹ̀yà kan náà lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko. Capsicum chinense ni wọ́n ń pe rodo, Capsicum annuum ni wọ́n ń pe tàtàṣé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Adájọ́ fi sùúrù dá mi lóhùn. Ó ní bí a bá ní ká fi ìyẹn ṣe é, àwọn tó máa fara gbá a pọ̀: kábéèjì, cauliflower, Brussels sprouts àti kale, Brassica oleracea ni gbogbo wọn, ẹ̀yà kan ṣoṣo, síbẹ̀ oríṣìí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń jẹ́ ní ìpàtẹ. Kì í ṣe ìwé onímọ̀ ni ìpàtẹ fi ń ya oríṣìí sọ́tọ̀. Ohun tí àwọn ọlọ́gbà àti àwọn tó ń dáná bá kà sí ọ̀tọ̀, òun ló jẹ́ ọ̀tọ̀.

Ibẹ̀ ni Mọ́mì ti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, ó dára, àwọn ń dáná. Wọ́n bi adájọ́ pé bí ó bá rán ọmọ lọ ra tàtàṣé, tí ọmọ náà ra rodo bọ̀, tí wọ́n sì lọ odindi rodo ní iye tàtàṣé sínú ọbẹ̀, ta ni yóò jẹ ẹ́? Tàtàṣé ni a fi ń fún ọbẹ̀ ní àwọ̀ àti ara, rodo ni òórùn àti ìta, ṣọ̀ǹbọ̀ ní ọwọ́ tirẹ̀. Nínú kíṣíìnì tiwọn, mẹ́ta ni wọ́n, bí kárọ́ọ̀tì kì í ti í ṣe kábéèjì.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo gbà títí di òní pé ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ọjọ́ yẹn nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé àṣà àwọn tó ń dáná ló ń ya oríṣìí sọ́tọ̀, àṣà ta ni? Ẹ sì jẹ́ kí n fi èyí kún un: ata kì í ṣe ti òyìnbó, kì í sì í ṣe tiwa látilẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá, lẹ́yìn 1492. Ataare àti ìyèré ni àwọn baba wa ní kí wọ́n tó dé. A gba àlejò náà, a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á, wọ́n pín in sí méjì péré, èyí tó dùn àti èyí tó ń ta.

Ibi tí méjì yẹn wọlé ni ọ̀rọ̀ wa sì ti já. Alága ní kí a tilẹ̀ gbà pé tàtàṣé, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ta, dá dúró. Rodo àti ṣọ̀ǹbọ̀ ńkọ́? Méjèèjì ń ta. Oríṣìí méjì náà nìyẹn, ìwé ètò ní mẹ́ta. Òfin kìíní nínú ìwé ètò wa sì sọ pé ìlànà RHS ni a ó fi dájọ́, gbogbo ẹni tó díje ló sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó gba ipò kìíní nínú kíláàsì náà gbé kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà àti beetroot wá. Ó ka ìwé kan náà, ó ṣe ohun tó wà níbẹ̀. Ṣé ó tọ́ kí wọ́n yí òfin padà lẹ́yìn tí eré ti parí, kí ipò rẹ̀ sì yẹ̀? N kò rí èsì fún ìyẹn nígbà náà, n kò sì rí i títí di ìsinsìnyí. Ìdájọ́ náà dúró. Ó sì yẹ kó dúró.

Ṣùgbọ́n akọ̀wé, obìnrin tó ti ń tẹ ìwé ètò yẹn lọ́dọọdún, mú ọ̀kan lórí tábìlì, ó sì kà á sókè láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn. Kò síbi tí wọ́n ti ṣàlàyé ohun tí oríṣìí jẹ́. Nínú kíláàsì dáhlíà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n lò, tó túmọ̀ sí irú àti àwọ̀ tó yàtọ̀ láàárín òdòdó kan náà. Ẹni tí kì í ṣe inú ìpàtẹ ni wọ́n bí i sí kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Yorùbá gan-an kò yà wọ́n: oríṣìí ẹ̀wà mẹ́ta, oríṣìí oúnjẹ mẹ́ta, oríṣìí kan náà ni lẹ́nu wa. Akọ̀wé ní òun kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n dá pọ́n-ùn 5 Mọ́mì padà.

Kí ni Mọ́mì ìbá ti ṣe? Ó dùn mí láti kọ ọ́, torí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Tòmátò wọn wà nínú àpótí lábẹ́ tábìlì, èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣa ti kíláàsì tòmátò. Àlùbọ́sà wọn wà nínú ọkọ̀. Tàtàṣé mẹ́ta, tòmátò mẹ́ta, àlùbọ́sà mẹ́ta, tíréè náà ti pé. Rodo ìbá lọ sí kíláàsì ewébẹ̀ mìíràn tí a kò dárúkọ, níbi tí tẹ̀tẹ̀ wọn ti gba ipò kejì lọ́jọ́ náà láìsí wàhálà kankan. Àwọn ará Jàmáíkà tó wà nínú ẹgbẹ́ wa ti sọ tẹ̀tẹ̀, tí wọ́n ń pè ní callaloo, di ohun tí adájọ́ mọ̀.

Kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́, bàbá adájọ́ wá bá Mọ́mì nídìí tíréè. Ó ní òun kò lè kọ máàkì sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ti ń dájọ́ ewébẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́, àwọn ata náà wà lára ohun tó dọ́gba jù tí òun tíì rí. Mọ́mì fún un ní rodo kan, wọ́n wé e sínú bébà, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé ìdajì ni kó lò, kó má fi ọwọ́ tó fi gé e kan ojú.

Nígbà òtútù, ìgbìmọ̀ ní kí èmi àti akọ̀wé tún ìwé ètò náà kọ. Gbólóhùn méjì ni a fi kún ojú ewé kìíní: pé kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà jẹ́ oríṣìí mẹ́ta, ṣùgbọ́n tòmátò pupa, tòmátò yẹ́lò àti tòmátò wẹ́wẹ́ jẹ́ oríṣìí kan, àti pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá dájú, kó bi amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ kí aago tó lù. A dá kíláàsì tuntun sílẹ̀ fún ata, irú mẹ́ta, mẹ́ta mẹ́ta. Mo sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ láti yí gbogbo tábìlì po ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀, kó máa ka iye pẹ̀lú àwọn tó gbé nǹkan wá. Àwọn kan ní ìyẹn ti pọ̀ jù, pé àgbàlagbà ni gbogbo wa. Wọ́n dìbò, ó wọlé.

Ìpàtẹ tó tẹ̀ lé e bọ́ sí ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Oṣù Kẹfà ọdún náà móoru, ṣùgbọ́n òjò kò jẹ́ kí oṣù Keje rójú. Rodo Mọ́mì ṣì tutù minimini. Wọ́n gbé e wá bẹ́ẹ̀ sínú kíláàsì ata, kò gba nǹkan kan. Ẹnìkan tó ní ilé onígíláàsì ló gbapò kìíní. Nínú kíláàsì tíréè, wọ́n tẹ́ aṣọ dúdú kan náà, wọ́n sì to tàtàṣé, àlùbọ́sà àti tòmátò sí i.

Mo dé ìdí tábìlì wọn ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì.

"Kà á," ni wọ́n wí, kí n tó kí wọn.

Mo kà á. Mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta.

"Ṣé oríṣìí mẹ́ta ni?"

"Oríṣìí mẹ́ta ni, Mà."

Wọ́n ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Ipò kẹta ni tíréè náà gbà. Káàdì rẹ̀ wà lára fíríìjì wọn.